Òrùka Rọ́bà Inú Ṣọ́ọ̀kì Iwájú: Ìtàn Ohun Kékeré Tí Ẹ̀mí Ọlọ́kadà Rọ̀ Mọ́

Nígbàkúùgbà tí ọ̀rọ̀ ọ̀kadà bá délẹ̀ ní ilẹ̀ Nàìjíríà, ohun mẹ́ta ni ó máa ń gbawájú lẹ́nu àwọn ènìyàn: ìjàǹbá ojú pópó, ìwà ọ̀daràn, àti òfin tí ìjọba fi ń lé wọn kúrò lójú títì. Ní Ìpínlẹ̀ Èkó, òfin ìrìnnà ọdún 2012 dín àwọn ọ̀nà tí ọlọ́kadà lè gbà kù. Ní oṣù kejì ọdún 2020, ìjọba tún fi kún un. Nígbà tí ó di ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022, wọ́n fi òfin dè wọ́n pátápátá ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà. Àwọn kan yin ìjọba, àwọn kan bú u. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo àríyànjiyàn náà, ohun kan kò fi bẹ́ẹ̀ wáyé: kò wọ́pọ̀ kí ẹnikẹ́ni béèrè ipò tí alùpùpù fúnra rẹ̀ wà.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀, kí ó dúró ní ibùdó ọlọ́kadà èyíkéyìí kí ó sì wo ẹsẹ̀ iwájú àwọn alùpùpù tí ó tò síbẹ̀. Yóò rí ọ̀pá irin méjì tí ó ń dán, ọ̀kan lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì. Yóò tún rí i pé lára àwọn kan, ọ́ìlì dúdú ti ṣàn wálẹ̀ láti ẹnu ọ̀pá náà, eruku ti lẹ̀ mọ́ ọn, ó sì ti di ẹrẹ̀. Ohun tí ó fa ìjò yẹn kò ju òrùka rọ́bà kan lọ, èyí tí ihò àárín rẹ̀ kò fi púpọ̀ ju ìwọ̀n 30 mìlímítà lọ nínú ọ̀pọ̀ alùpùpù kéékèèké. Àwọn mẹkáníìkì ń pè é ní ọ́ìlì síìlì, tàbí síìlì lásán. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí abẹ́rẹ́ ti kéré tó, kì í ṣe mímì fún adìyẹ. Ìtàn òrùka yìí gùn ju bí ó ti tóbi lọ, ó sì kan ẹ̀mí àwọn tí ó ń gun alùpùpù àti àwọn tí wọ́n ń gbé sẹ́yìn.

Iṣẹ́ tí òrùka náà ń ṣe

Ṣọ́ọ̀kì iwájú kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá méjì tí ọ̀kan wọ inú èkejì, gẹ́gẹ́ bí idà ti ń wọ inú àkọ̀. Ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó ń dán ni ó wà lókè, ọ̀pá tí ó sanra jù ú lọ ni ó wà nísàlẹ̀ níbi tí táyà wà. Nínú wọn ni sípíríìngì gígùn kan wà pẹ̀lú ìwọ̀nba ọ́ìlì. Bí táyà bá kó sí kòtò, ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ náà yóò wọlé, sípíríìngì yóò sì sún kì. Bí ó bá jẹ́ sípíríìngì nìkan ni ó wà níbẹ̀, ńṣe ni alùpùpù yóò máa fò sókè fò sílẹ̀ bí bọ́ọ̀lù. Ọ́ìlì ni kò jẹ́ kí ó rí bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́dọ̀ gba àwọn ihò tíntìntín kọjá kí ọ̀pá tó lè wọlé tàbí jáde, ìdí nìyẹn tí ìrìn ọ̀pá náà fi ń rọ̀. Sípíríìngì ń gba ìjà, ọ́ìlì ń pẹ̀tù sí i.

Ẹnu ọ̀pá ìsàlẹ̀ ni síìlì jókòó sí. Ètè rẹ̀ gbá ọ̀pá dídán náà mọ́ra yíká, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí a lọ́ bí sípíríìngì sì wà lẹ́yìn ètè náà tí ó ń fún un mọ́ ọ̀pá. Iṣẹ́ rẹ̀ nira ju bí ó ti hàn lójú lọ. Ó gbọ́dọ̀ di ọ̀pá mú tó bẹ́ẹ̀ tí ọ́ìlì kò fi ní jáde, síbẹ̀ kò gbọdọ̀ dì í mú jù débi tí ọ̀pá kò fi ní lè rìn. Lójú ọ̀nà tí kò dára, ọ̀pá náà lè wọlé kí ó sì jáde ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ọjọ́ kan ṣoṣo.

Bí síìlì bá ya, ohun méjì ni ó ń ṣẹlẹ̀. Èkíní ni pé ọ́ìlì inú ṣọ́ọ̀kì yóò máa dín kù díẹ̀díẹ̀, iwájú alùpùpù yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í fò. Táyà tí ó ń fò kò lè di ilẹ̀ mú, táyà tí kò sì di ilẹ̀ mú kò lè dúró nígbà tí a bá tẹ bíréèkì. Èkejì burú ju èkíní lọ. Ọ́ìlì tí ó jáde yóò ṣàn wálẹ̀ sí ìdí táyà, níbi tí bíréèkì iwájú wà. Bí ọ́ìlì bá kan páàdì bíréèkì, yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀. Bíréèkì iwájú sì ni ó ń ṣe èyí tí ó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ dídá alùpùpù dúró, nítorí pé nígbà tí a bá tẹ bíréèkì, iwájú ni ìwúwo ọkọ̀ àti ti ẹni tí ó gùn ún máa ń rọ́ sí.

Kí òrùka tó dé

Alùpùpù kò fi ṣọ́ọ̀kì bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 1885, Gottlieb Daimler àti Wilhelm Maybach, àwọn ará Jámánì, ṣe ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ méjì kan tí ó ń lo ẹ́ńjìnnì epo bẹntiróòlù. Igi ni wọ́n fi ṣe egungun rẹ̀. Ẹni tí ó bá gùn ún, gbogbo òkúta ojú ọ̀nà ni ara rẹ̀ yóò gbà.

Nígbà tí ọ̀rúndún ogún bẹ̀rẹ̀, àwọn tí ó ń ṣe alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi sípíríìngì síwájú. Èyí tí ó wọ́pọ̀ jù láyé ìgbà náà ni èyí tí a fi irin tẹ́ẹ́rẹ́ tẹ́ẹ́rẹ́ so pọ̀ bí àkàbà, tí sípíríìngì rẹ̀ wà ní gbangba níwájú, tí gbogbo oríkèé rẹ̀ sì ń jẹ gíríìsì. Irú rẹ̀ kò ní síìlì nítorí pé kò ní ọ́ìlì tí ó lè jò. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Alfred Angas Scott gbé alùpùpù kan jáde ní ọdún 1908, èyí tí ọ̀pá iwájú rẹ̀ ń wọ inú ara wọn, ṣùgbọ́n kò sí ọ́ìlì tí ń pẹ̀tù sí ìfò sípíríìngì nínú rẹ̀.

Ọdún 1935 ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ilé-iṣẹ́ BMW ti ilẹ̀ Jámánì gbé R12 àti R17 jáde fún títà, wọ́n sì fi ọ́ìlì sínú ọ̀pá iwájú wọn láti máa dín ìfò kù. Ìlànà yìí ni ọ̀pọ̀ alùpùpù ayé ń lò títí di òní. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ilé-iṣẹ́ Matchless ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì náà fi irú ṣọ́ọ̀kì bẹ́ẹ̀ sí alùpùpù tí ó ṣe fún àwọn ọmọ ogun ní ọdún 1941. Lẹ́yìn ogun, Triumph, Norton àti àwọn yòókù tẹ̀ lé wọn. BSA Bantam tí ó jáde ní ọdún 1948, tí ó jẹ́ alùpùpù tálákà, ní ọ̀pá tí ń wọ inú ara wọn pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé gíríìsì ni wọ́n kọ́kọ́ fi sí i, kì í ṣe ọ́ìlì.

Bí ọ́ìlì ti wọ inú ọ̀pá ni ìbéèrè tuntun jẹ yọ: kí ni yóò dá a dúró síbẹ̀? Irin kò lè dá ọ́ìlì dúró lára irin tí ó ń rìn. Wọ́n nílò ohun tí ó rọ̀.

Láti ara awọ dé ara rọ́bà

Awọ ni ìdáhùn àkọ́kọ́. Láti ayébáyé ni àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ ti ń fi awọ dí ẹnu ohun tí omi tàbí òróró lè gbà jáde. Ní ìlú Weinheim ní ilẹ̀ Jámánì, ilé-iṣẹ́ Freudenberg, tí ó ti ń pa awọ láti ọdún 1849, bẹ̀rẹ̀ sí í fi awọ ṣe òrùka ìdí-ọ́ìlì fún ẹ̀rọ ní ọdún 1929, nígbà tí ọjà awọ dẹnu kọlẹ̀. Ẹnjiníà kan tí ń jẹ́ Walther Simmer ṣiṣẹ́ lórí òrùka náà títí ó fi dára tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi sọ ọ́ ní orúkọ rẹ̀, Simmerring. Ṣùgbọ́n awọ máa ń gbẹ, ó máa ń le, ó sì máa ń sán.

Rọ́bà ni ó yẹ kí ó rọ́pò awọ, àmọ́ rọ́bà inú igbó kò lè ṣe é. Ilẹ̀ Yorùbá mọ rọ́bà dáadáa. Ní ìparí ọ̀rúndún 19, àwọn ènìyàn ń kọ igi ìrẹ́ nínú igbó láti gba oje rẹ̀, wọ́n sì ń kó rọ́bà náà gba ebúté Èkó lọ sí òkè òkun. Wọ́n kọ igi náà ní àkọjù débi pé ọ̀pọ̀ nínú wọn kú, òwò náà sì lọ sílẹ̀. Rọ́bà tí ó ti ara igi wá dára fún táyà, ṣùgbọ́n bí ọ́ìlì ẹ̀rọ bá kàn án, ńṣe ni yóò wú, yóò sì dẹ̀. Òrùka tí ó bá wú kò lè ṣe iṣẹ́ síìlì.

Àwọn onímọ̀ kẹ́místrì ilẹ̀ Jámánì ni ó rí ọ̀nà àbáyọ ní ẹ̀wádún 1930. Wọ́n ṣe rọ́bà àtọwọ́dá kan tí ọ́ìlì kò lè bà jẹ́ bọ̀rọ̀, èyí tí a mọ̀ sí nitrile lónìí. Kò pẹ́ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í fi í rọ́pò awọ nínú òrùka ìdí-ọ́ìlì. Láàárín ẹ̀wádún kan náà ni ṣọ́ọ̀kì ọlọ́ìlì àti rọ́bà tí kò bẹ̀rù ọ́ìlì dé, ọ̀kan sì wúlò fún èkejì. Àwọn síìlì tí a ń tà lórí àtẹ lónìí, ọmọ-ọmọ òrùka ìgbà náà ni wọ́n.

Ọ̀nà tí ó gbà dé ọ̀dọ̀ wa

Àwọn ará Japan ni ó sọ alùpùpù di ti gbogbo ayé. Super Cub tí Honda gbé jáde ní ọdún 1958 kò lo irú ṣọ́ọ̀kì tí a ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí níwájú, apá kékeré tí ó ní oríkèé ni ó ń gbé táyà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní ọdún 1976, Honda gbé CG125 jáde, ó sì fi ṣọ́ọ̀kì ọlọ́ìlì sí i níwájú. Àwọn orílẹ̀-èdè tí ọ̀nà wọn kò dára, tí àwọn onílùú kò sì rí àyè tọ́jú ọkọ̀ bí ó ti yẹ, ni wọ́n ní lọ́kàn nígbà tí wọ́n ń ṣe ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Wọ́n jẹ́ kí ó rọrùn, kí ó sì lágbára. Àwọn ilé-iṣẹ́ ilẹ̀ Ṣáínà ṣe àwòkọ alùpùpù yìí lọ́pọ̀ yanturu lẹ́yìn náà. Honda fúnra rẹ̀ dá ilé-iṣẹ́ sílẹ̀ ní Ọ̀tà, ní Ìpínlẹ̀ Ògùn, ní ọdún 1979.

Láyé ìgbà náà, alùpùpù jẹ́ ohun ìní olùkọ́, akọ̀wé ìjọba, nọ́ọ̀sì abúlé àti àgbẹ̀ tí ó rí jájẹ. Ẹni tí ó ni ín ni ó ń gùn ún. Ètò àtúntò ọrọ̀ ajé tí ìjọba Ọ̀gágun Ibrahim Babangida gbé kalẹ̀ ní ọdún 1986 ni ó yí i padà. Owó náírà já wálẹ̀, ọkọ̀ èrò wọ́n, iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ènìyàn. Àwọn tí ó ní alùpùpù bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbé èrò. Àwàdà ni àwọn aráàlú fi sọ ọ́ ní orúkọ Okada Air, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú Olóyè Gabriel Igbinedion, nítorí pé kò sí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ tí ó lè dá a dúró. Ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú náà ti kógbá sílé, orúkọ náà sì dúró sára alùpùpù. Ní ilẹ̀ Benin àti Togo, tí àwọn Yorùbá Kétu àti Ṣábẹ̀ẹ́ wà lára àwọn tí ó ń wọ̀ ọ́, zémidjan ni wọ́n ń pe tiwọn.

Ìyípadà yìí ni ó sọ síìlì di ọ̀rọ̀ ńlá. Ènìyàn kan tàbí méjì ni wọ́n ṣe ṣọ́ọ̀kì náà fún. Lọ́wọ́ ọlọ́kadà, ènìyàn mẹ́ta lè wà lórí rẹ̀, àpò gàrí tàbí iṣu lè wà níwájú, ọ̀nà sì lè jẹ́ kìkìdá kòtò. Ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, eruku pupa máa ń lẹ̀ mọ́ ọ̀pá dídán náà, bí ọ̀pá bá sì ń wọlé, yóò máa kó iyanrìn lọ bá ètè síìlì. Ní ìgbà òjò, omi àti ẹrẹ̀ máa ń jẹ kúróòmù ara ọ̀pá, yóò sì dípẹtà ní ojú kéékèèké. Ojú ìpẹtà kọ̀ọ̀kan dà bí eyín ayùn. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá kọjá lára síìlì ni yóò máa gé e.

Ọ̀rọ̀ owó tún wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà kò ni alùpùpù tí wọ́n ń gùn. Wọ́n gbọ́dọ̀ jíṣẹ́ owó lójoojúmọ́ fún ẹni tí ó ni ín, tàbí fún ẹni tí ó tà á fún wọn láwìn. Ọjọ́ tí alùpùpù bá wà lọ́dọ̀ mẹkáníìkì, owó ọjọ́ náà kò dúró. Síìlì tí ó ya kò dá ẹ́ńjìnnì dúró, nítorí náà wọn a máa gùn ún lọ bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn a fi àkísà nu ọ́ìlì kúrò lówùúrọ̀, a sì tún jáde. Àìtètè mólè, olè ń mólóko.

Ọgbọ́n àtúnṣe inú ilé

Ìtàn ìtọ́jú síìlì jẹ́ ìtàn àwọn tí kò ní irinṣẹ́ ilé-iṣẹ́ ṣùgbọ́n tí wọ́n ní làákàyè. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Amẹ́ríkà, àwọn tí ó ni alùpùpù ti pẹ́ tí wọ́n ti ń tún un ṣe fúnra wọn nínú ilé. John Haynes tẹ ìwé àtúnṣe ọkọ̀ rẹ̀ àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 1966, nígbà tí ó yá ilé-iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ti alùpùpù pẹ̀lú. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ fi àwòrán hàn bí a ṣe ń tú ṣọ́ọ̀kì, ẹni tí kò kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì rí sì lè tẹ̀ lé e. Ní tiwa, abẹ́ igi ọ̀gá mẹkáníìkì ni ilé-ẹ̀kọ́. Ọmọṣẹ́ yóò wo ọwọ́ ọ̀gá fún ọdún mélòó kan, yóò sì gba òmìnira. Ọ̀pọ̀ ọlọ́kadà náà kọ́ ọ nípa wíwò, wọ́n sì ń ṣe é ní ẹ̀yìnkùlé wọn ní ọjọ́ Àìkú tí iṣẹ́ bá dín kù.

Iṣẹ́ náà ní ètò. Wọn a kọ́kọ́ fi igi tàbí páálí tí ó lágbára gbé ìdí ẹ́ńjìnnì sókè kí iwájú má baà wó lu ẹnikẹ́ni. Wọn a dẹ ìdérí orí ṣọ́ọ̀kì díẹ̀ nígbà tí ọ̀pá ṣì wà ní ìdè, nítorí pé ó ṣòro láti tú u lẹ́yìn tí ọ̀pá bá ti bọ́. Lẹ́yìn náà ni wọn a yọ táyà, bíréèkì àti ọ̀pá méjèèjì. Ìgbà tí wọ́n bá ń tú ìdérí náà tán ni ó gba ìṣọ́ra jù: sípíríìngì ń tì í láti inú, ó sì lè fò bá ènìyàn lójú. Wọn a da ọ́ìlì ògbólógbòó nù, wọn a sì tú bóòtù ìdí ọ̀pá.

Ibi bóòtù yìí ni ọgbọ́n ilé ti ń hàn. Ohun tí bóòtù náà dì mú nínú ọ̀pá máa ń yí pẹ̀lú rẹ̀, kò sì ní tú. Ilé-iṣẹ́ ń ta irinṣẹ́ pàtàkì tí a fi ń dì í mú. Àwọn atúnṣe inú ilé ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ ayé rí i pé igi ìgbálẹ̀ gígùn tí a gbẹ́ ṣóńṣó, tí a tì bọ inú ọ̀pá láti òkè, lè ṣe iṣẹ́ kan náà. Bí wọ́n bá yọ wáyà tí ó ti síìlì mọ́lẹ̀, wọn a fa ọ̀pá méjèèjì síra wọn pẹ̀lú agbára lẹ́ẹ̀mejì mẹ́ta, síìlì ògbólógbòó yóò sì tẹ̀ lé e jáde. Láti fi tuntun wọlé, ilé-iṣẹ́ tún ní irinṣẹ́ tirẹ̀, ṣùgbọ́n páìpù omi onírọ́bà tí ó bá ìwọ̀n mu ti tó. Síìlì ògbólógbòó ni wọn a gbé lé orí tuntun kí wọ́n má baà fi páìpù ṣá a lọ́gbẹ́. Kí wọ́n tó fi síìlì tuntun bọ orí ọ̀pá, wọn a fi ọ̀rá náílọ́ọ̀nù bo ẹnu ọ̀pá náà, wọn a sì fi ọ́ìlì pa á, kí etí irin má baà ya ètè síìlì.

Ọgbọ́n mìíràn tún wà tí ó ti ọ̀dọ̀ àwọn ayàwòrán wá. Nígbà mìíràn, síìlì kò tíì ya, iyanrìn ni ó há sí ètè rẹ̀. Láyé fíìmù kámẹ́rà, àwọn kan máa ń gé fíìmù tí wọ́n ti lò, wọn a sì fi í yí ètè síìlì ká láti fa iyanrìn náà jáde. Lónìí, ike tẹ́ẹ́rẹ́ láti ara ìgò omi ni wọ́n ń lò. Bí ìjò náà bá jẹ́ ti ìdọ̀tí nìkan, yóò dá.

Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni kí a pààrọ̀ síìlì kí a má wo ọ̀pá. Ọ̀pá tí ó ti dípẹtà yóò ya síìlì tuntun láìpẹ́, ẹni tí ó ná owó rẹ̀ yóò sì sọ pé ayédèrú ni wọ́n tà fún òun. Òótọ́ ni pé ayédèrú pọ̀ lọ́jà, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀bi jẹ́ ti ọjà. Ìka ọwọ́ ni a fi ń mọ ọ̀pá tí ó ní ojú: kí a rọra fi èékánná rìn ín láti òkè dé ìsàlẹ̀. Níbi tí èékánná bá ti kọ́, ibẹ̀ ni síìlì yóò ti gé. Bí ojú náà bá kéré, àwọn atúnṣe a fi gáàmù líle tí a ń pò pọ̀, irú bí Araldite, dí i, wọn a jẹ́ kí ó gbẹ, wọn a sì fi sáńpépà tí ó kúná jù nù ún títí yóò fi jọ̀lọ̀. Bí ó bá jinlẹ̀, ọ̀pá tuntun ni ìwòsàn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ́ìlì ni ó kẹ́yìn. Ọ̀pá méjèèjì gbọ́dọ̀ gba ìwọ̀n ọ́ìlì kan náà, irú kan náà, gẹ́gẹ́ bí ìwé ilé-iṣẹ́ ti là á sílẹ̀ fún alùpùpù kọ̀ọ̀kan. Bí ọ̀kan bá pọ̀ ju èkejì lọ, ṣọ́ọ̀kì méjèèjì kò ní máa ṣiṣẹ́ bákan náà. Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì tí a ti lò kò dára fún un, nítorí pé ìdọ̀tí inú rẹ̀ yóò máa gé síìlì láti inú. Páàdì tàbí bàtà bíréèkì tí ọ́ìlì ti kàn kò ṣe é nù lásán kí a tún dá a padà. Tuntun ni ó yẹ kí a fi sí i.

Ìmọ̀ tí kò ní àkọsílẹ̀

Ìtàn yìí fi ohun kan hàn. Láti ọdún 1935 títí di òní, kò sí ìgbà kan tí síìlì jẹ́ ohun tí ó wà títí. Àwọn tí ó ṣe é mọ̀ pé yóò gbó, wọ́n sì ṣe ṣọ́ọ̀kì náà kí ó lè tú kí a sì pààrọ̀ rẹ̀. Ètò tí wọ́n gbé kalẹ̀ dúró lórí pé ẹnì kan yóò wà tí ó mọ bí a ti ń ṣe é, tí ó sì ní àyè láti ṣe é. Níbi tí ẹni náà bá wà, òrùka olówó pọ́ọ́kú ni ọ̀rọ̀ náà. Níbi tí kò bá sí, ó lè di ọ̀rọ̀ ilé ìwòsàn.

Ní ilẹ̀ wa, ẹni náà wà. Ó wà lábẹ́ igi, ó wà ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà, ó wà ní ẹ̀yìnkùlé ọlọ́kadà. Ohun tí kò sí ni àkọsílẹ̀ àti àbójútó. Ìwé tí ó bá alùpùpù wá láti ilé-iṣẹ́ kì í sábà sọ èdè ẹni tí ó ń gùn ún. Ohun tí ọ̀gá mọ̀ ni ọmọṣẹ́ yóò mọ̀, ohun tí ọ̀gá bá sì fò, ọmọṣẹ́ náà yóò fò ó. Bí ọ̀gá kan kò bá fi èékánná wo ọ̀pá rí, gbogbo àwọn tí ó gba òmìnira lọ́dọ̀ rẹ̀ ni kò ní wò ó. Ìjọba tí ó ní agbára láti ṣe òfin tí ó lé ọ̀kadà kúrò ní ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà ní agbára láti béèrè, nígbà tí ó bá ń fún ọkọ̀ ní ìwé àṣẹ, bóyá ṣọ́ọ̀kì iwájú ń jò. Àwọn ẹgbẹ́ ọlọ́kadà tí ó ń gba owó tíkẹ́ẹ̀tì lójoojúmọ́ lè ya ọjọ́ kan sọ́tọ̀ lóṣù fún mẹkáníìkì kan láti yẹ ọkọ̀ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wò. Ẹni tí ó ní alùpùpù tí ó fi ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀dọ́ sì lè gbà pé owó síìlì jẹ́ ti òun, kì í ṣe ti ẹni tí ó ń gùn ún.

Òfin ìdènà kò kan àwọn abúlé Òkè-Ògùn, níbi tí alùpùpù ti ń gbé aboyún lọ sí ilé ìwòsàn àti iṣu lọ sí ọjà. Àwọn tí ó wà níbẹ̀ yóò máa gun alùpùpù fún ọdún púpọ̀ sí i, ohunkóhun tí ìjọba ìbáà sọ ní Èkó. Wọn kò nílò irinṣẹ́ olówó iyebíye láti mọ ipò tí ṣọ́ọ̀kì wọn wà. Kí wọ́n fi aṣọ funfun nu ọ̀pá dídán méjèèjì títí yóò fi mọ́. Kí wọ́n di bíréèkì iwájú mú, kí wọ́n tẹ ọwọ́ alùpùpù wálẹ̀ nígbà márùn-ún tàbí mẹ́fà. Kí wọ́n wá tún fi aṣọ náà nu ọ̀pá. Bí aṣọ bá mọ́, síìlì ń ṣiṣẹ́. Bí ọ́ìlì bá yí ọ̀pá ká bí òrùka tí ó sì kun aṣọ náà, ó ti ń jò, kí wọ́n má sì gbé èrò mìíràn títí wọn yóò fi mọ̀ bóyá ó ti dé ìdí bíréèkì.